Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Mi

Ẹsẹ̀ màmá mi ló kán nínú ìjàǹbá yẹn, àmọ́ ọkọ̀ ni bàbá mi ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mò ń pe màmá mi ní "wọ́n", tí mo wá ń pe bàbá mi ní "ó" bí ẹgbẹ́ mi, ẹ má wulẹ̀ tún mi ṣe. Wọ́n kọ́ mi nílé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọkọ̀ asáré ni, aláwọ̀ búlúù, ìjókòó méjì péré ló ní, irú èyí tí wọ́n máa ń ká òrùlé aṣọ orí ẹ̀ sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí olówó lára. Bàbá mi kì í ṣe olówó, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ ohun tó wuni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Màmá mi ní tiwọn ń rán ìjókòó ọkọ̀ àti òrùlé ọkọ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ náà kọ́ mi, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la sì jọ wà. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti pàdé: ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ tí òrùlé ẹ̀ ya wá, ó gbé òrùlé tuntun lọ, ó tún padà wá gbé ẹni tó rán an. Láti ọjọ́ yẹn, màmá mi ló ni ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí mi, orí itan wọn níbẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Nígbà tí mo dàgbà ju itan lọ, wọ́n ń fi mí sílé, mo sì máa ń wo ẹ̀yìn orí àwọn méjèèjì títí wọ́n á fi yà ní kọ́nà.

Bàbá mi sáré àsápajúdé lórí títì tó tutù, ó lọ kọ lu òpó iná. Ẹ̀gbẹ́ màmá mi ni òpó wọlé sí. Òun bọ́ sílẹ̀, ó gbọn aṣọ ẹ̀, kò ha lára rárá. Nígbà tó dé ọsibítù lọ́jọ́ kejì, ó fa àga, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ní kò ṣeé tún ṣe mọ́," ló wí.

Àánú ẹ̀ ṣe màmá mi. Àwọn tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ kọ́ sókè, àwọn ló wá ń rẹ ẹni tó wá kí wọn lẹ́kún. "Ẹ má da ara yín láàmú, bàbá ọmọ mi. Dókítà ní orúnkún yẹn nìkan ni kò ní ká mọ́, pé n óò máa fi ọ̀pá rìn."

"Ọkọ̀ ni mò ń sọ," ni bàbá mi wí.

Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. Mo bá jáde síta, nítorí bí mo bá dúró, mi ò ní lè pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ ó rò pé lẹ́yìn ìyẹn màmá mi ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ọkọ̀ asáré mọ́. Àwọn gan-an ni wọ́n ní kó lọ wá òmíràn. Mo bínú, mo ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé kò tíì tó ni. Wọ́n ní kí n jókòó. "Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni bàbá ẹ ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Tó bá wà nílé, ìwé ìròyìn ló máa ń kà. Tá a bá ti wọ ọkọ̀, á máa ṣàlàyé ilẹ̀ tó wọ̀n fún mi, á máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ." Mo mú àlùmọ́gàjí mi nílẹ̀.

Bàbá mi náà ṣèlérí fún wọn níṣojú mi. Ó ní, "Èyí tí o bá lè wọ̀ la máa rà." Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́, mi ò purọ́ mọ́ ọn.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ kiri nìyẹn, tí mò ń fi ọkọ̀ ìkẹ́rù ṣọ́ọ̀bù gbé àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín kan la kọ́kọ́ dé. Tiẹ̀ funfun, ilẹ̀kùn ẹ̀ fẹ̀, ìjókòó ẹ̀ ga díẹ̀. Màmá mi fi ìdí wọlé bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ọsibítù, wọ́n fa ẹsẹ̀ tí kò ká wọlé tẹ̀lé e, wọ́n sì jókòó. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń yọ ọwọ́ jáde kí wọ́n lè fi kan atẹ́gùn. Bàbá mi yí ọkọ̀ náà po, ó ní kí dókítà náà sáná sí i, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnì ẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ní ó yá, ká máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, a dé ọ̀dọ̀ opó kan tó ń ta ti ọkọ ẹ̀. Màmá mi tún wọ ìyẹn. Bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó ní bó ṣe ń pa dé yẹn kò bá òun lára mu.

Sùúrù tán nínú opó náà. "Bàbá, kí lẹ̀ ń wá gan-an?"

"Tèmi," ni bàbá mi wí. Obìnrin náà wo ọ̀pá màmá mi, ó wo èmi náà, ó wọlé, ó ti géètì ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ alágbàtà ọkọ̀ kan la ti rí ẹ̀kẹta. Búlúù ni, bí ìbejì èyí tó bàjẹ́. Ìjókòó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Òrùlé ẹ̀ ti ya yánnayànna, àmọ́ bàbá mi gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ojú yẹn gbẹ ní ọsibítù.

Màmá mi gbìyànjú. Wọ́n fi ìdí wọlé, ẹsẹ̀ yọ síta gbọnrangandan. Alágbàtà fa ìjókòó sẹ́yìn débi tó lè lọ, ẹsẹ̀ ò wọlé. Mo gbé wọn láti abíyá, òógùn bò wá, ẹsẹ̀ ò wọlé. Ọ̀pá wọn wá ha ara ilẹ̀kùn.

"Ṣọ́ ọ̀pá ẹ," ni bàbá mi wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá wọn sọ níbẹ̀ nìyẹn.

Alágbàtà, tí ń fi igi tayín, ní, "Màmá, ẹ fi irú ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún ọmọge." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èyí tó dùn mí jù ni pé màmá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ìdúró pẹ̀lú ọwọ́ mi lábẹ́ apá wọn. Bàbá mi rà á. Nígbà tí a ń lọ sílé, òun ló ń wa ọkọ̀ búlúù lọ níwájú. Èmi àti màmá mi tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ ìkẹ́rù.

Kò pẹ́ tó fi gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọjú sí màmá mi, ojú ò tì í. "Ìwọ lo mọ òrùlé ẹ̀ í rán. Bá mi rán an."

"Ẹ gbé e lọ síbòmíràn," ni mo sọ.

"Dákẹ́," ni màmá mi wí, wọ́n sì ti ń tú téèpù ọrùn wọn.

Màmá mi ní òfin kan tí gbogbo oníbàárà mọ̀. Wọn kì í gé òrùlé ọkọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tó máa jókòó sábẹ́ ẹ̀ ti wá jókòó. Wọ́n á na aṣọ lé irin, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí orí kálukú dé, nítorí àwọn kan ga, àwọn kan kì í bọ́ fìlà. Wọ́n ní kí bàbá mi jókòó, ó jókòó, wọ́n sàmì sókè orí ẹ̀. Wọ́n wá tiro lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n gbé ṣọ́ọ̀kì sókè.

"Ẹni tó máa jókòó síbí ń kọ́?"

Ẹ wò ó, kò sí ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ wa ni. Màmá mi ti ro bí a ṣe lè gbé ìjókòó yẹn ga, bí a ṣe lè tì í sẹ́yìn kó kọ ojú síta díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí àyè. Wọ́n ti gé fóòmù ẹ̀ pàápàá. Ohun tó kù kò ju kí ọkùnrin yẹn ní, "Ìwọ ni, báwo la ṣe máa ṣe é?" Wọn ò ní bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fi gbogbo ara bẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ alágbàtà.

Bàbá mi wo aago ọwọ́ ẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan. Ṣáà rán an."

Ṣọ́ọ̀kì yẹn ṣì wà lókè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi í sápò.

Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Àwọn nìkan ló gé e, àwọn ló rán an, àwọn ló kan bọ́tìnì onírin ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ ìbora kúrò, tí mo rí ohun tí wọ́n rán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Òrùlé wà lórí ìjókòó awakọ̀, ó dúró dáadáa. Láàárín ọkọ̀, aṣọ náà wálẹ̀ bí ògiri, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bo ìjókòó kejì láti ẹ̀yìn dé iwájú, wọ́n sì rán an pa mọ́ ara ilẹ̀kùn. Kò sí ibi tí ológbò máa jókòó sí. Mo ní ẹ̀san ti dé. Mo ní ọkùnrin yìí máa rí ara ẹ̀ lónìí.

Àmọ́ mo wo màmá mi. Wọ́n ti kun àtíkè. Wọ́n ti wọ bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀ jáde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, ojú wọn ò kúrò lára bàbá mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀san. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n rán. Wọ́n fẹ́ kó wo ibẹ̀, kó bínú, kó ní kí wọ́n tú u.

Bàbá mi fọwọ́ ra ojú ìránṣọ látòkè délẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó ti ilẹ̀kùn. Ó yíjú sí ògiri aṣọ yẹn, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Iṣẹ́ rèé," ló wí. "Apá ibẹ̀ yẹn ni atẹ́gùn ti máa ń wọlé sí mi lára. O ò bá ti ṣe é báyìí látijọ́."

Ó sáná sí ọkọ̀. Màmá mi sún sẹ́yìn kó lè rí ọ̀nà jáde.

"Ẹ ó lò ó gbó o," ni wọ́n wí fún un, bí wọ́n ṣe máa ń wí fún oníbàárà.