Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Èrò ní Ibùdókọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀yin tí a jọ jókòó, ẹ bá mi gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná, torí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ di báyìí.

Mo wà ní ibùdókọ̀ ojú irin kan, ọ̀pá funfun mi lọ́wọ́. Ojú mi ò ríran, àlá ọ̀hún ò sì là á fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, Àńtí Wúràọlá tó tọ́ mi dàgbà, ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní Òṣogbo. Àńtí ní àwọn ò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìjẹ́ pé àwọn di ọwọ́ mi mú. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń kùn níwájú mi. Èwo ló ń lọ Òṣogbo?

Ọ̀gá ibùdókọ̀ ní, "Ẹ lọ ka bíréèlì, ìwé tí ẹ̀yin afọ́jú ń fi ìka kà."

Mo nawọ́ sí i, gíláàsì ni mo bà.

"Ọ̀gá, ẹ ti fi gíláàsì bò ó."

"Kí ọwọ́ èèyàn má bàa kó ìdọ̀tí bá a ni."

Kí n tó fèsì, òórùn òbúkọ gba imú mi. Ọ̀gá ti di òbúkọ. Mo ní, "Ẹ kú ewu." Ó fi ìwo fọ́ gíláàsì, ó jẹ bíréèlì náà tán, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ọ́fíìsì rẹ̀ náà gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lọ, àwọn akọ̀wé sì ń pariwo látòkè pé kí n bi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń júwe ọkọ̀ fún èrò.

"Jọ̀wọ́, ọkọ̀ Òṣogbo dà?"

Ẹ̀rọ náà ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?"

"Wọ́n wà o. Ọkọ̀ Òṣogbo..."

"Ẹ kú ìdúró. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Kí ni kí n ṣe? Wọn ò kọ́ wa nílé pé ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ láìkí èèyàn. Mo ń dá a lóhùn. Ọkọ̀ kan fọn fèrè, ó lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Àgbò tí bàbá yín tà lọ́jọ́sí ńkọ́?"

Ọkọ̀ kẹta lọ. Mo figbe ta: "Má kí mi mọ́! Sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀rọ bú sẹ́kún. Èmi ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó nu imú tán, ó ní, "Ọkọ̀ kẹrin ni, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni."

Bí mo ṣe tají nìyẹn. Aago mẹ́fà ti kọjá, ọkọ̀ Òṣogbo tó yẹ kó gbé mi lọ bá Àńtí lóòótọ́ á sì gbéra ní méje. Mo sáré dé ibùdókọ̀, mo bi òṣìṣẹ́ kan pé èwo ni kí n wọ̀.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́?"

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ fọn fèrè ni mo kó sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi o: ṣé Òṣogbo ni èyí ń lọ?