Ọwọ́ Tútù

Ọwọ́ Ornella ti wọ inú ìyẹ̀fun dé ọrùn ọwọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ìjọ náà ṣí, tí ìyá ọkọ rẹ̀ sì wọlé.

Ìyá ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀! Addolorata, ìyá Cosimo, ẹni tí gbogbo ìlú Ruvo mọ̀ sí ọ̀gá cartellate. Ó fi ìborí wé orí dé ìpéǹpéjú, ó fi awò dúdú bojú, bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀ níta. Ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó fẹ́ jalè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, Ornella wí nínú ara rẹ̀, ó ju èje lọ.

Ìdí tí Ornella fi wakọ̀ láti Ruvo wá kọ́ṣẹ́ ní Gravina ni pé kò fẹ́ kí ojúlùmọ̀ kankan rí òun. Láti ìgbà tó ti fi Bergamo ní àríwá Ítálì sílẹ̀ wá fẹ́ Cosimo ló ti ń bẹ ìyá náà pé kó kọ́ òun ní cartellate, òdòdó oníyẹ̀fun tí wọ́n máa ń dín, tí wọ́n ń rẹ sínú omi ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n sè títí tó fi dúdú tó sì ki. Kérésìmesì kì í pé láìsí i ní gúúsù Ítálì níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni ìyá náà ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, táá mi orí.

"Ọwọ́ rẹ tutù, ìyàwó. Ìyẹ̀fun kì í gbọ́ ti ọwọ́ tútù."

Yóò wá wọ ilé ìdáná lọ, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òórùn òróró á gba ilé kan, àwọn ọmọ á tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìgbà tó bá sì máa ṣí i, àwo á ti kún. Graziella, àbúrò Cosimo, kì í jẹ́ kó tán síbẹ̀. Lójú gbogbo ẹbí nídìí tábìlì ni yóò ti wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó Bergamo lọ po kọfí wá, ìyẹn náà ló mọ̀." Wọn á rẹ́rìn-ín. Ornella náà á bá wọn rín in, á sì máa dùn ún wọ egungun. Ó ti di àṣà rẹ̀ pé kó tó sọ̀ kalẹ̀ nílé ìyá ọkọ rẹ̀, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì yá ooru tó ń jáde nínú ọkọ̀, bóyá wọn kò ní sọ̀rọ̀ ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ó ti búra. Cartellate tirẹ̀ ni yóò gbé ka iwájú wọn ní àìsùn Kérésìmesì, kí ojú ó ti ẹni tó bá máa tì.

Àfi bí ìyá náà ṣe já wọlé yìí!

"Ìyá, ẹ pẹ́ o!" Palma, olùkọ́ wọn, ló kígbe bẹ́ẹ̀, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. "Ẹ tètè ti ilẹ̀kùn yẹn, òtútù ń bá yín wọlé. Kí lorúkọ yín?"

Addolorata wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Rosa."

"Ó dáa, Ìyá Rosa, ẹ lọ bá ẹni tó dá dúró lọ́hùn-ún yẹn. Ènìyàn kì í dá cartellate ṣe. Ẹnì kan á máa fún un, ẹnì kejì á máa ká a."

Ìgbà tó dé ìdí tábìlì ló tó yọ awò ojú rẹ̀. Ó rí Ornella. Ornella rí i.

"Ẹ káàsán o," ni Addolorata wí, ohùn rẹ̀ le gbagidi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá yìí kò bọ̀wọ̀ fún Ornella báyìí rí. Ẹ̀rín ìbá pa á, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kò gbà á láyè.

"Ṣé ẹ wá ṣọ́ mi ni, Màmá?" ló sọ sí i létí.

"Pa ẹnu rẹ dé. Èmi kọ́ ni màmá rẹ níbí."

"Ta ló sọ fún yín pé mo wà níbí?"

"Bí mo bá mọ̀ pé o wà níbí, ṣé màá wá?"

Palma ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní tiẹ̀. Ó da wáìnì lílọ́wọ́ọ́wọ́ pọ̀ mọ́ òróró ólífì, ó pò wọ́n mọ́ ìyẹ̀fun, ó tẹ́ ẹ títí ó fi fẹ́lẹ́, ó fi ọ̀bẹ eléyín gé e gbọọrọ bí ọ̀já ọmọdé. Ó ṣẹ́ ọ̀já náà po, ó ń fi ìka fún etí rẹ̀ pọ̀ níbí àti níbẹ̀ kí ó lè ní àpò kéékèèké tí omi ọ̀pọ̀tọ́ yóò dúró sí, ó sì ká a yípo. Òdòdó ti dé.

"Ìwọ kọ́kọ́ ṣe é, kí n wò ó," Addolorata wí.

Àbùkù ló fẹ́ wá, Ornella rò ó bẹ́ẹ̀. Ó fi ìbínú ṣe é, ó sì jáde dáadáa. Ojú ìyá ọkọ rẹ̀ kò kúrò lára ìka rẹ̀. Nígbà tó kan ìyá náà, ọ̀já náà já. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà já.

"Ìyẹ̀fun ìlú yìí ò dáa," ló wí. Lẹ́yìn èyí tó tún já, ó ní, "Tábìlì yìí ò dúró dáadáa."

"Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́, Màmá. Kò sẹ́ni tó ń wò yín."

Ìyá náà ṣáà rí ọ̀kan ká níkẹyìn, bó tilẹ̀ wọ́ sápá kan. Àsìkò náà ni Palma gbé òróró kaná, ó ń lọ gbé àwo èyí tó ti ká sílẹ̀ láti àná. Kó tó padà dé, Addolorata ti gbé òdòdó tirẹ̀, ó ti jù ú sínú òróró.

Òdòdó náà tú. Ó tú yẹ́ríyẹ́rí, ó nà gbọọrọ sójú òróró bí ìgbànú tó bọ́ nídìí ènìyàn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Rosa!" Palma pariwo. "Kò ì gbẹ! Ó di ọ̀la kí tiyín tó ṣeé dín. Àbí ẹ ò ṣe é rí láyé yín ni?"

Ojú Addolorata pọ́n. Ó dúró ti òun ti ṣíbí oníhò lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ornella wò ó, ohun tó rí sì yé e. Ìyá yìí kò ṣe é rí. Àní, kò ṣe é rí! Ohun tó lè fi pa Graziella lẹ́nu mọ́ títí ayé nìyí, ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ láìwá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó gba gbọ̀ngán yẹn, ó mọ ẹ̀rín náà. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń rín sí òun náà nídìí tábìlì.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dán an wò," ló sọ sókè. "Ẹ má bínú, èmi ni mo fà á."

Palma ṣíwọ́ ẹ̀rín, ó padà sídìí òróró rẹ̀. Àwọn méjèèjì fà sẹ́yìn lọ sẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe," Ornella wí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ta ló wá ń ṣe èyí tí à ń jẹ?"

"Titina ni, obìnrin kan ní Corato tó ń tà á fún mi. Ọmọ rẹ̀ ti wá mú un lọ sí Jámánì, Ọlọ́run ló mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀."

"Òórùn òróró yẹn ńkọ́? Tí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn?"

"Búrẹ́dì ni mo ń dín."

"Búrẹ́dì?"

"Búrẹ́dì àná. Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo ẹ̀ tán kí n tó ṣílẹ̀kùn, kẹ́nikẹ́ni má baà rí i." Ó fi ọwọ́ gbá ikùn rẹ̀. "Kí lo rò pé ó fa eléyìí?"

Ẹ̀rín tí Ornella rín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá náà kọ́kọ́ fajú ro, nígbà tó yá, òun náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nù ún, ìyẹ̀fun sì kù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Apollonia ni, ìyá ọkọ tèmi," ló wí nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Mo dé bí ìyàwó, mo ní kó kọ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ó tutù, pé kí n máa lọ fọ abọ́. Bó ṣe kú nìyẹn, kò kọ́ mi. Kérésìmesì dé, gbogbo wọn wá yíjú sí mi."

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Gbogbo ọdún tí Ornella fi ń yá ooru yẹn, ṣé ìdájọ́ tí òkú dá fún ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀? Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Ó tutù ju tirẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ ká padà sídìí iṣẹ́," ló wí. "Èmi á máa fún un, ẹ̀yin ẹ máa ká a."

Ìgbà tí kíláàsì fi tú, àwo wọn ti kún. Òmíràn gún régé, òmíràn sì wọ́ bí fìlà ọ̀mùtí. Addolorata gbé àwo náà lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ Ornella, ó fi aṣọ funfun bò ó. Wọn kò tíì jìnnà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Graziella ni. Ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí Ornella fi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màmá, ibo lẹ wà? Mo dé'lé yín mi ò bá yín. Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ cartellate?"

"Ẹ sọ fún un pé ẹ̀ ń kọ́ mi," Ornella sọ wẹ́rẹ́.

Ìyá náà wo àwo tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ornella ló ń kọ́ mi," ló wí.

"Ta ni? Ìyàwó Bergamo? Màmá, ọwọ́ tútù yẹn?"

"Tèmi náà tutù, Graziella. Ó ti tutù kí wọ́n tó bí ẹ. Lọ́la la máa dín in, ilẹ̀kùn ìdáná máa wà ní ṣíṣí. Ìwọ náà máa bọ̀, kó o mú ọwọ́ tìẹ wá ká wò ó."

Ó pa fóònù náà, ó sì tún aṣọ orí àwo ṣe. Òjò ti dá, igi ólífì tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iná ìlú Ruvo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò ìyá náà, ọwọ́ Ornella lọ fúnra rẹ̀ síbi tí ooru ti ń jáde, bó ti máa ń lọ. Ó rí i níbẹ̀. Ó wò ó díẹ̀, ó gbé e kúrò, ó sì dá a padà sórí ìdarí ọkọ̀.