Ọṣẹ Tí Kì Í Hó

Kò sí ohun tí Adájọ́ kórìíra tó kí àgbàlagbà máa fọwọ́ ra á lórí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ẹnu rẹ̀ tí kì í fi ẹjọ́ falẹ̀ ló mú kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òun ló ń po ọṣẹ olómi tí kíláàsì wọn ń tà. Oyè ni àwọn yòókù ń jẹ ní tiwọn: ọ̀kan ni Alága, ọ̀kan ni igbákejì, èyí tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀ ni Olùdámọ̀ràn. Bó bá wá di ká gbé korobá, gbogbo olóyè a pòórá.

Síbẹ̀, ọjà ń yá. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé rà, àwọn òbí rà, ìyá Adájọ́ náà rà, gbogbo wọn sì ń yìn ín. Màmá àgbà, ìyá ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, nìkan ló gbọn ìgò náà wò, tó tì í padà.

"Èyí kì í hó. Mi ò ra omi."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ. Láti ọjọ́ náà, ìkíni orí ahọ́n lásán ni Adájọ́ ń kí ìyá arúgbó. Ó ní ahun ni, ó tún ń jowú.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ wá wo àwọn ọ̀dọ́mọdé oníṣòwò, Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òfìfo ìgò kiri ilé ìdáná. Ẹ̀yìn àwọn ìkòkò ló ti rí gbogbo ọṣẹ tí ìyá rẹ̀ rà. Wọn ò tíì ṣí ọ̀kankan, eruku ti bò wọ́n. Ọṣẹ ilé ìtajà tí wọ́n ti lò dé ìdajì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

"Màmi, ẹ ò lò ó."

"Mo fi pamọ́ ni, ọmọ mi. Ó dára ju kí n kàn máa lò ó lọ."

Adájọ́ wo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹja tó ti ń rùn lórí àtẹ. Ó dùn ún wọra. Ṣé ọṣẹ ni wọ́n ń rà ni, àbí àánú? Kò sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà kó àlejò wọ kíláàsì. "Ọṣẹ àwọn ọmọ yìí nìkan ni mo fi ń fọ abọ́ mi," ló wí.

Adájọ́ dìde. "Mà, ẹ jẹ́ ká fi fọ abọ́ oúnjẹ yín níbí."

Wọ́n gbé abọ́ dé, epo ṣì wà nínú rẹ̀. Adájọ́ da ọṣẹ sí i, ó fọ̀ ọ́ títí apá ń ro ó. Kò hó. Epo jókòó síbẹ̀ bí onílé. Alága ti ń pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Ó mọ́ tónítóní," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Ẹ wá fi jẹun ọ̀la, mà."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ ra á lórí. "Ọmọ yìí mà gbọ́n o." Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn máa ra gbogbo èyí tó kù. Adájọ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà tó wọṣọ iyì, tí ẹnu wọn ò mọ́ ju abọ́ yẹn lọ. Ó gbé korobá, ó da gbogbo ọṣẹ náà sí gọ́tà. Alága bú sẹ́kún nítorí oyè rẹ̀.

Nígbà tó tún òmíràn pò, kò gbé e lọ fún ẹni tó ń yìn ín. Ọ̀dọ̀ màmá àgbà ló lọ, ó kúnlẹ̀, ó kí i dénú, ó sì gbé ọṣẹ náà àti ìkòkò ọbẹ̀ tí wọn ò tíì fọ̀ kalẹ̀. Ìyá arúgbó fọ̀ ọ́, ó fìka kan inú ìkòkò.

"Ó hó díẹ̀. Kò tíì dáa."

Inú Adájọ́ dùn débi pé omi lé sí i lójú. "Kí ló kù sí i, màmá?"

"Ṣé èmi ni mo ń po ọṣẹ ni? Lọ tún un pò."

Ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ tún un pò.