Gbohùngbohùn Tó Sá Lọ

"Kò sí níbẹ̀," ni Bàbá Ìbejì wí. Ó tún fi ìka ta okùn gìtá rẹ̀, ó dẹtí sí ẹ̀gbẹ́ ampilifáyà tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, ó ń retí. "Ìyá Ìbejì, ìwọ náà gbọ́ ọ. Gbohùngbohùn rẹ̀ ti kú pátápátá."

Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù tó fẹ́ lọ sá lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Ohùn gìtá náà jáde kedere, ó lu ògiri, ó sì ń gbọ̀n lọ díẹ̀díẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ kànga. Gbohùngbohùn náà wà níbẹ̀ digbí, bó ṣe wà láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ ọ́. Ó ní bóyá kí Wáyà tún wá bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Wáyà ni alátùn-únṣe rédíò tó wà ní ìkángun òpópónà wọn. Nígbà èwe rẹ̀, òun ló máa ń fa okùn iná kiri orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ olórin tí Bàbá Ìbejì ti ń ta gìtá. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá Ìbejì ti gbé ampilifáyà náà lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, Wáyà pààrọ̀ gílóòbù kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tú u palẹ̀, ó nu gbogbo inú rẹ̀, ó tò ó padà. Bàbá Ìbejì gbé e délé, ó tàn án, ó ní Wáyà ti di onírẹ́jẹ.

Àgbà ni ampilifáyà náà jẹ́ fún àwọn ọmọ ilé. Àpótí igi ni, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, aṣọ tó bo ojú rẹ̀ sì ti ṣá. Gílóòbù onígíláàsì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bíi ti rédíò ayé ijọ́un. Bí wọ́n bá tàn án, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ ná bí àgbàlagbà tó ń wá bàtà rẹ̀, kí iná pupa tó yọ lẹ́yìn rẹ̀, kí òórùn eruku gbígbóná tó gba gbogbo pálọ̀. Nísàlẹ̀ inú rẹ̀ ni àwọn sípíríǹgì gígùn wà. Àwọn ló ń gba ohùn, tí wọ́n ń jù ú síra wọn, tí yàrá kótópó fi ń dún bíi gbọ̀ngàn. Nígbà tí àwọn ìbejì wà ní kékeré, wọn a fẹsẹ̀ ta á kó lè sán bí ààrá, wọn a sì sá wọ abẹ́ tábìlì.

Gbohùngbohùn yẹn gan-an ló gbé Ìyá Ìbejì wọ ilé yìí. Ilé ìránṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í wo ẹnikẹ́ni lójú, ta okùn gìtá kan ṣoṣo, ó sì dúró. Gbogbo èrò dúró dè é. Ohùn náà rìn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó padà wá, ó tún lọ. Ìyá Ìbejì kò rántí orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà mọ́. Ìdúró yẹn ló rántí.

Wáyà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó tú ẹ̀yìn ampilifáyà, ó wò ó, ó ta gìtá díẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ìbejì wọlé lọ mú okùn mìíràn, Wáyà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe é. Gílóòbù tí mo pààrọ̀ níjọ́sí, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ ni. Etí wọn ni."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n bá wọn sọ ọ́?"

"Rárá o. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, ìwọ ni wọ́n á máa bá ṣọ̀tá. Fi sílẹ̀ fún mi."

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ìbejì ti mọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé wọn ti ń pariwo débi pé aládùúgbò ń gbọ́ ìròyìn láìtan tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó béèrè bóyá kóun pa iná, ọkọ rẹ̀ ní rárá, ebi ò pa òun. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí àwọn ìbejì bá pè lórí fóònù, òun ló ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ló ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rò pé òun ń bo ọkọ òun láṣìírí ni. Àṣé iná lòun ń da aṣọ bò.

Nígbà tí Wáyà lọ tán, Ìyá Ìbejì fa àga síwájú ọkọ rẹ̀, níbi tí ìyẹn ti lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

"Bàbá Ìbejì, ampilifáyà yìí ò bà jẹ́."

"Wáyà ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yẹn."

"Èmi fúnra mi ni mo gbọ́ ọ. Gbohùngbohùn wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lánàá, ó wà níbẹ̀ báyìí. Etí yín ni kò gbé e mọ́."

Bàbá Ìbejì rọra gbé gìtá sílẹ̀. Ó bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ìyá Ìbejì kò purọ́ fún un, ó ní ó ti ṣe díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ṣé ó wá ń wo òun bí òun ṣe ń gbé ẹrù kiri òpópónà bí alágbàárù. Bàbá Ìbejì dìde, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì lọ dúró láàárín aṣọ sísá. Ìyàwó rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ sọnù, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wá a.

Oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé kí Bàbá Ìbejì tó wọlé padà. Ó jókòó ti ampilifáyà náà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Mo rò pé òun ló ń darúgbó," ló wí.

Ìyá Ìbejì ní àwọn jọ máa lọ rí dókítà etí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bàbá Ìbejì gbà, ó ní ṣùgbọ́n dókítà kankan ò lè fún òun ní etí ọmọ ogún ọdún. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò béèrè rí.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

Ìyá Ìbejì ní, "Bí ìgbà téèyàn sọ òkúta sódò, tí omi wá ń fẹ̀ lọ, tó ń fẹ̀ lọ."

"Ṣé ó ń pẹ́ kó tó tán?"

"Ó ń pẹ́ díẹ̀."

Kò tó o. Olórin fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó, kó lè mọ ìgbà tí òmíràn yóò wọlé. Ìyá Ìbejì rí i lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ní kó ta á.

Bàbá Ìbejì ta okùn kan, ó sì gbójú sókè sí i. Ìyá Ìbejì ń tẹ́tí. Bí ohùn náà ṣe ń rẹlẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń rẹlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ọwọ́ náà fi kan orúnkún rẹ̀. Ìgbà náà ni ọkọ rẹ̀ tó ta èkejì.