Aṣọ Tí Màmá Mi Sá Sórí Ìbọn

Àdùnní, má tíì dìde, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá fún ẹ. Inú géèmù ogun tí èmi àti Kúnlé ọ̀rẹ́ mi máa ń gbá ni mo wà. Mo fẹ́ mú ọkọ̀ kan nínú àwọn ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí wọ́n fi ń yìnbọn já bàálù lulẹ̀. Ọ̀kan ní ìbọn ńlá kan ṣoṣo, èkejì ní ìbọn gbọọrọ mẹ́rin. Kúnlé ní kí n mú oníbọn ńlá. Oníbọn mẹ́rin ni mo mú, torí màmá mi ti gbé báàfù aṣọ dé, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sá a sí. Wọ́n sá a sórí ìbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì há a, omi ń kán sí mi lórí.

Bàálù ọ̀tá yọ. Kúnlé ké sí mi: "Yìnbọn!"

Mo ní, "Aṣọ Màmá ò tíì gbẹ."

Iná mú ọkọ̀ Kúnlé, ó ń pe orúkọ mi. Ìgbà yẹn ni mo wá yìnbọn. Bàálù ti lọ. Aṣọ ló fò sókè, funfun kan wà nínú wọn, iná ń jó wọn.

Màmá ò bú mi. Wọ́n ń ṣa pẹ́ẹ̀gì sínú báàfù, wọ́n ní, "Funfun tó jó yẹn nìkan ló kù nínú aṣọ bàbá ẹ."

Ibi tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ ni mo ti jí.