Ẹni Tí Yóò Sọ Fún Ìyá Fọláránmí

Kí n tó rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí mo gbé sùn. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí Fọláránmí, ọ̀rẹ́ wa, ti kú. Èmi, Jọláadé àti Mákànjúọlá sọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá díẹ̀, pé ibà ni, nítorí a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún abiyamọ lójijì. Láti ìgbà náà ni a ti ń sún òtítọ́ síwájú. Èmi ni wọ́n wá yàn pé kí n sọ ọ́.

Nínú àlá náà, mo lọ gba ìwé àṣẹ tí n ó fi sọ ọ́ ní ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè odò. Akọ̀wé béèrè bóyá òkú náà mọ̀ pé òun ti kú. Mo ní n kò tíì bi í. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì jẹ ìwé náà. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti dé irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ rí.

Bí mo ti jáde, inú yàrá ìyá Fọláránmí ni mo bọ́ sí. Kámẹ́rà kan ń dá ya fíìmù níbẹ̀, ó ní fíìmù ẹ̀fẹ̀ tí ẹkún wà nínú rẹ̀ ni. Jọláadé ń sunkún. Mákànjúọlá ń sọ fún un pé ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù fún ipa kékeré. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún màmá. Kámẹ́rà ní kí n tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kejì, màmá bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọkànlá, ó ti rẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ náà sì ti rọrùn lẹ́nu mi ju bó ti yẹ lọ.

Fọláránmí jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ ẹ̀pà, nítorí òun ló ń ṣe ipa òkú.

“Ìwọ ni kó o sọ fún un,” ni mo wí. “Ẹnu rẹ ló máa gbà gbọ́.”

“Mo ti sọ ọ́,” ló fèsì. “Ṣùgbọ́n ẹ ti ní ara mi ò yá. Gbogbo ohun tí mo bá wí, ó ní ibà ló ń sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ lọ parí ẹ̀.”

Fóònù ló jí mi. Oòrùn ti wà lára ògiri. Ìyá Fọláránmí ni, ó ní òun ń bọ̀ wá wo ọmọ òun, òun ti wà nínú ọkọ̀ ní gáréèjì, ó ku èrò méjì kó kún.

“Ọláìtán, ọmọ mi, ibà yẹn ti lọ sílẹ̀?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ná.”

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń bẹ àwọn tó jókòó tì í pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá.