Tòmátì Kì Í Purọ́

Ọ̀gá Fọwọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀gá ilé ìwádìí náà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè wọ ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń gbin tòmátì kó má pariwo mọ́ ọn pé, "Ọwọ́ ńkọ́?" Ta ló wá fẹ́ bi ọ̀gá léèrè ọwọ́ tirẹ̀?

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyàwó Tòmátì, torí kì í kọjá lára wọn láìkí wọn. Ọdún mẹ́ta ló fi tọ́jú ìlà tòmátì méjì. Ó kó fáírọ́ọ̀sì ran ìlà kan, ó dá èkejì sí, kó lè mọ jíìnì, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, tó ń jí nínú ewé nígbà tí àìsàn bá dé, àti èyí tó ń sùn. Ìlà tó dá sí yìí ni Ọ̀gá máa ń fọwọ́ pa lórí láràárọ̀, á ní, "Ẹ wo ara tó dá ṣáṣá!"

Àbájáde dé. Ìlà tára rẹ̀ dá ṣáṣá ti ń bá fáírọ́ọ̀sì jagun! Jíìnì tó ń gbèjà ewé ti jí pátá, èyí tó ń fi oòrùn se oúnjẹ ti dákẹ́. Ọdún mẹ́ta já sí asán.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà!" Ọ̀gá pariwo mọ́ ọmọbìnrin náà. "Ìwọ lo kó o wọlé!"

Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé wọ́n á yẹ ọwọ́ gbogbo èèyàn wò, ẹni tí wọ́n bá bá fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ á kẹ́rù ẹ̀. Ó tiẹ̀ ti kọ lẹ́tà ìlékúrò ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Wọ́n fi òwú nu ọwọ́ gbogbo wọn, títí kan ti Ọ̀gá, torí ó fẹ́ fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀, wọ́n sì kó òwú náà sínú ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì.

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà mọ́. Ti agbálẹ̀ mọ́. Ti Ọ̀gá nìkan ni kò mọ́.

Ọ̀gá ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò bó ṣe máa ń ṣe tínú bá ń bí i, ó yọ agolo aṣáà jáde, ó fín in símú, ó sín. Gbogbo wọn ń wo agolo. Ara tábà ni fáírọ́ọ̀sì yìí ti máa ń wá, bí wọ́n tiẹ̀ lọ tábà kúnná di aṣáà, kì í kú.

"Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́," ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ̀rọ náà lẹ fẹ́ fi lé mi lọ, sà."

Ọ̀gá ya lẹ́tà náà. Ó sáré ya ìwé ara ògiri pẹ̀lú. "Ó dáa, mo fún ẹ lọ́dún kan sí i. Ká tún bẹ̀rẹ̀." Ó nawọ́ sí tòmátì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ọmọbìnrin náà dínà fún un. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọwọ́ ńkọ́?"